Ìdádúró Mẹ́rin Tó Ń Pa Aláboyún

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa ní Ìjemò, ìdádúró ló ń pa ọ̀pọ̀ aláboyún tí kò lówó lọ́wọ́. Nígbà tí Ìpínlẹ̀ Oǹdó bẹ̀rẹ̀ ètò Abíyè ní Ìfẹ́dọ̀rẹ́ ní 2009, mẹ́rin ni wọ́n kà: ìdádúró kí obìnrin tó pinnu àtilọ sí ilé ìwòsàn, kí ó tó rí ọkọ̀ débẹ̀, kí wọ́n tó dá a lóhùn, àti kí wọ́n tó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Òṣìṣẹ́ ìlera ń bẹ̀ wọ́n wò nílé. Wọ́n sì fún wọn ní tẹlifóònù.

Ọwọ́ ìjọba ni méjì ìkẹyìn wà; méjì àkọ́kọ́ wà lọ́wọ́ wa. Ẹ jẹ́ kí ẹgbẹ́ ya owó sọ́tọ̀ fún aláàárù àti oníwòsíwòsí tó lóyún, láìbéèrè onídùúró. Ìrọbí kì í dúró de ọjọ́ ìpàdé.