Páńẹ́lì ò bàjẹ́, ẹ lọ bi àwọn atẹ̀wé Ṣómólú

Bí ẹ bá gba Ṣómólú kọjá lálẹ́, títí dé Bàrígà, ẹ ó rí sáìnbọ́ọ̀dù oníná níwájú ṣọ́ọ̀bù, ilé oògùn àti ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà míì, ìlà òkè á ṣeé kà, ti ìsàlẹ̀ á dorí kodò. Kí oníbàárà tó wí nǹkan kan, wọ́n á ti sọ fún un pé, "Páńẹ́lì yín ti bàjẹ́, ẹ ra tuntun." Ẹ má tíì yọ owó o. Páńẹ́lì tó bàjẹ́ kì í sábà kọ̀wé tó já gaara tó kàn dorí kodò. Ètò rẹ̀ ni wọn ò sọ fún kọntírólà.

Ẹ wò ó báyìí. Páńẹ́lì P10 tó wọ́pọ̀ ní iná tíntìntín 32 ní ìbú, 16 ní gíga. Lẹ́yìn rẹ̀, ìsọfúnni ń gba ojú kan wọlé, ó ń gba ojú kejì jáde lọ sí páńẹ́lì tó kàn. Kọntírólà ò lè wo ògiri. Ohun tó mọ̀ kò ju pé ìkíní ṣáájú ìkejì, ìkejì ṣáájú ìkẹta. Ẹ to mẹ́rin sí ìlà kan, ó di iná 128 ní ìbú, 16 ní gíga. Ẹ tò wọ́n ní méjì-méjì, ó di 64 ní ìbú, 32 ní gíga.

Ìlà kejì ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Kí wáyà má baà gùn jù, kí iná má sì máa ṣẹ́jú, oníṣẹ́ lè tò ó bí ejò: ìkẹta lábẹ́ ìkejì, ìkẹrin lábẹ́ ìkíní, kó sì dojú àwọn méjèèjì ìsàlẹ̀ dé. Kò burú rárá. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún kọntírólà, àbí báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀?

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe àjèjì ní Ṣómólú, àdúgbò àwọn atẹ̀wé. Bí wọ́n bá fẹ́ tẹ ìwé olójú ewé 16 sórí bébà ńlá kan, wọ́n á kọ́kọ́ ká bébà lásán lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á kọ nọ́ńbà sí i lójú ewé kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wá tú u. Àwọn nọ́ńbà kan á dorí kodò. Èyí ni wọ́n ń pè ní dummy. Kò sí atẹ̀wé gidi tó máa ní bébà náà bàjẹ́.

Mo kàwé òfin, ẹ jẹ́ kí n fi ti òfin kún un. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ìdíje àti ààbò oníbàárà, FCCPA, fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ sí iṣẹ́ tó dáa bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ lọ kóòtù nítorí páńẹ́lì mẹ́rin? Àwòrán kan ṣoṣo ló máa gbà wá: nọ́ńbà páńẹ́lì kọ̀ọ̀kan, ibi tí wáyà ti bẹ̀rẹ̀, ọ̀nà tó gbà, àti èyí tó dorí kodò. Kí oníṣẹ́ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀yìn sáìnbọ́ọ̀dù. Bí òun fúnra rẹ̀ bá ti kó lọ, ẹlòmíì á lè tún un ṣe.

Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ gba àwòrán yẹn kí ẹ tó san owó tó kù.