Ajá Ọdẹ, Omi àti Iyọ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹni tí kì í ṣe ọdẹ nínú yín lè máa bi ara rẹ̀ pé, kí ni ti ajá nínú ìwé ẹ̀kọ́ àgbà? Ẹ ní sùúrù. Ọ̀rọ̀ yìí ti kó ìtìjú bá mi rí, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ ọ́.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan, ọdẹ àgbàlagbà kan wà nínú kíláàsì alẹ́ wa. Ó ní abo ajá pupa kan tí kò sanra, ṣùgbọ́n tí ó gbọ́n ju ọ̀pọ̀ ọmọ tí mo ti kọ́ ní ilé ìwé lọ. Ajá yìí ni ó ń lé ọ̀yà jáde fún un bí wọ́n bá sun igbó, owó ọ̀yà náà ni Baba sì fi ń ran àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ìwé. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó sọ fún mi pé ajá náà a máa rọ bí oòrùn bá ti gun òkè. Èmi tí mo ti ṣe ọ̀gá ilé ìwé fún ọdún púpọ̀, mo rò pé kò sí ohun tí n kò mọ̀. Mo ní, "Baba, bí ènìyàn bá ṣiṣẹ́ nínú oòrùn, òógùn a máa gbé iyọ̀ ara rẹ̀ jáde. Ẹ bu iyọ̀ sí omi ajá náà."

Baba lọ, ó bu iyọ̀ ẹ̀kúnwọ́ kan sínú abọ́ omi, ó sì da omi tí wọ́n fi bọ ẹja lé e kí ó lè wu ajá mu. Ajá mu ún. Kò pẹ́ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí bì, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n, kò lè dìde mọ́. Orí ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé e sáré lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran. Ọjọ́ mẹ́ta ni kò fi jẹun. Ọlọ́run ni ó yọ ọ́. Baba kò bá mi wí rárá. Nígbà tí ó padà wá sí kíláàsì, ohun tí ó sọ kò ju èyí lọ: "Tíṣà, ajá kì í ṣe ènìyàn o."

Mo lọ bá dókítà náà, mo bẹ̀ ẹ́ kí ó kọ́ èmi náà. Ohun tí ó kọ́ mi, àti èyí tí mo kà lẹ́yìn náà, ni ẹ ó rí níhìn-ín.

Ẹ wo ara yín bí ẹ bá ń roko. Gbogbo awọ ara ni ó ń làágùn. Ẹ fi ahọ́n kan òógùn náà, ẹ ó rí i pé ó níyọ̀. Omi àti iyọ̀ ni ó jọ jáde. Ṣùgbọ́n ajá kò ní irú òógùn bẹ́ẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ni ó ń làágùn díẹ̀, ìyẹn kò sì tó láti mú ara rẹ̀ tutù. Ohun tí ajá ń ṣe ni pé yóò la ẹnu, yóò yọ ahọ́n gbọọrọ, yóò sì máa mí gúlegúle. Afẹ́fẹ́ ń gba orí ahọ́n tútù àti inú imú kọjá, omi ibẹ̀ ń gbẹ lọ bí aṣọ tí a sá, bí ó sì ti ń gbẹ ni ó ń gbé ooru lọ. Omi tí ń bá èémí jáde yìí, omi lásán ni. Iyọ̀ kò lè bá atẹ́gùn fò lọ. Bí ẹ kò bá gbà mí gbọ́, ẹ gbé omi oníyọ̀ ka iná kí ó hó gbẹ, ẹ ó bá iyọ̀ ní ìdí ìkòkò.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni nínú ara ajá. Lẹ́yìn tí ó bá ti sáré títí, omi ti dín, iyọ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà sì ti níyọ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Èmi wá ní kí a tún fi ẹ̀kúnwọ́ kan kún un! Iyọ̀ àpọ̀jù a máa fa omi jáde nínú ọpọlọ ajá, ó sì lè pa á.

Kì í ṣe pé iyọ̀ kò wúlò fún un. Oríṣiríṣi iyọ̀ ni ó wà nínú ẹ̀jẹ̀, èyí tí a ń fi sọ́bẹ̀ àti àwọn mìíràn bíi potásíọ̀mù àti kálísíọ̀mù. Ẹlẹ́kítíróláìtì ni àwọn dókítà ń pè wọ́n. Àwọn ni wọ́n ń jẹ́ kí iṣan lè fà kí ó sì dẹ̀, kí ọkàn máa lù déédéé, kí omi sì dúró sí ibi tí ó yẹ nínú ara. Ṣùgbọ́n inú oúnjẹ ni ajá tí ń jẹun dáadáa ti ń rí wọn. Bí ó bá ti ìgbẹ́ dé, tí ó mu omi, tí ó sinmi, tí ó sì jẹ oúnjẹ tí ẹran tàbí ẹja wà nínú rẹ̀, ó ti tó.

Ní ilẹ̀ òtútù Alaska, ní Amẹ́ríkà, àwọn ajá kan wà tí ń fa ọkọ̀ lórí yìnyín. Láti ọdún 1973 ni wọ́n ti ń sá eré ìje kan tí wọ́n ń pè ní Iditarod, nǹkan bí máìlì 1,000. Àwọn onímọ̀ yẹ ẹ̀jẹ̀ irú àwọn ajá bẹ́ẹ̀ wò, wọ́n sì rí i pé iyọ̀ inú rẹ̀ a máa dínkù. Ti àwọn yẹn yàtọ̀, nítorí pé wọ́n lè lo ju ọjọ́ mẹ́jọ lọ lórí eré. Ajá tiwa tí ó jáde láàárọ̀ tí ó sì wọlé nírọ̀lẹ́ kò sí nínú ìyẹn.

Ní ọdún 2017, àwọn onímọ̀ mìíràn tẹ ìròyìn jáde lórí àwọn ajá tí ń ṣọ́ ẹnu ibodè ní Texas, níbi tí oòrùn ti ń mú bíi tiwa. Wọ́n fún àwọn kan ní omi lásán, wọ́n fún àwọn kan ní omi tí a fi iyọ̀ ìwọ̀nba àti adùn sí, wọ́n sì fi abẹ́rẹ́ fa omi sí abẹ́ awọ àwọn yòókù. Kò sí èyí tí ó pa ajá lára. Ṣùgbọ́n àwọn tí omi wọn ní adùn mu púpọ̀ ju àwọn onómi lásán lọ. Nígbà tí mo kà á, mo rẹ́rìn-ín. Omi ẹja tí Baba fi sí i tọ̀nà, iyọ̀ tèmi ni kò tọ̀nà.

Nítorí náà, bí ajá yín kì í bá fẹ́ mumi lóko, ẹ fi orí ẹja tàbí ẹran díẹ̀ bọ omi, láìfi iyọ̀ tàbí ata sí i. Ẹ má sì fi àlùbọ́sà sí i rárá, nítorí pé a máa ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́. Bí ó bá tutù, ẹ bu díẹ̀ sínú omi mímu rẹ̀.

Omi náà ńkọ́, mélòó ni? Omi inú ọ̀rá tí gbogbo wa ń rà sábà máa ń jẹ́ ìdajì lítà. Ajá tí ó wọn kìlò 15, tí ó sì jókòó sílé, yóò lo nǹkan bí ọ̀rá kan àbọ̀ sí méjì lóòjọ́. Bí ó bá sáré nínú oòrùn, ó lè di ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ jẹ́ kí ó mu kí ẹ tó jáde. Ní ìgbẹ́, ẹ máa dúró lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ fún un ní díẹ̀díẹ̀. Ajá tí ó mu àmuyó tí ó sì tún sáré lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ lè bì í.

Nígbà ọyẹ́, afẹ́fẹ́ gbẹ, omi ẹnu ajá a máa tètè gbẹ, òǹgbẹ a sì gbẹ ẹ́ kí ọdẹ tó fura. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò kù sí dẹ̀dẹ̀, tí oru ń mú, ewu mìíràn dé. Omi ti pọ̀ nínú afẹ́fẹ́, ti ẹnu ajá kò wá gbẹ mọ́, ooru sì há sínú ara rẹ̀.

Ẹ fa awọ èjìká rẹ̀ sókè, kí ẹ sì fi sílẹ̀. Bí kò bá padà kíákíá, omi ti dín. Ẹ fi ìka kan èrìgì rẹ̀. Ó yẹ kí ó tutù kí ó sì máa yọ̀. Bí itọ́ bá ki tí ó ń lẹ̀, ẹ dúró. Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá tí ooru pa kì í gbọ́ fèrè bákan náà, kì í ṣe oríkunkun, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe àsàsí. Bí ó bá ń ta gọ́ọ́gọ́ọ́, tí èrìgì rẹ̀ pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, ẹ gbé e sí ibòji, ẹ da omi sí gbogbo ara rẹ̀, ikùn àti itan pẹ̀lú, kí ẹ sì máa fẹ́ ẹ. Bí ó bá ti dákú, ẹ má rọ omi sí i lẹ́nu, kí ó má bàa wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ara rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ mú tutù, lẹ́yìn náà ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Ó ku ìgbà tí omi oníyọ̀ tọ́ sí ajá: bí ó bá ń yàgbẹ́ gbuuru tàbí tí ó ń bì, nítorí pé níbẹ̀ ni omi àti iyọ̀ ti ń jọ jáde. Èyí tí a ń pò fún ọmọdé náà ni. Omi mímọ́ lítà 1, ìyẹn ọ̀rá méjì; ṣúgà ṣíbí tíì mẹ́fà; iyọ̀ ìdajì ṣíbí tíì, kò gbọdọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ṣíbí náà tẹ́jú, kí ó má ṣe gegele. Ẹ fún un ní díẹ̀díẹ̀, ẹ sì da èyí tí ó bá kù nù lẹ́yìn wákàtí 24. Bí kò bá dúró nínú rẹ̀, ọ̀dọ̀ dókítà ni. Èyí tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn dára jù, ṣùgbọ́n ẹ ka ara rẹ̀, nítorí pé ti lítà 1 wà, ti omi tí ó kéré sí i sì wà.

Baba ti ń ka tirẹ̀ fúnra rẹ̀ báyìí. Mo rí i ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ó ń lọ sí ìgbẹ́, ajá pupa náà ń sáré níwájú, ṣaworo ọrùn rẹ̀ ń dún. Mo yẹ àpò Baba wò. Ọ̀rá omi mẹ́fà ni mo bá níbẹ̀. "Mẹ́rin ni tirẹ̀," ni Baba wí, "méjì ni tèmi."