Fífọ Ẹ̀jẹ̀: Èwo Ni Owó Rẹ̀ Kéré Jù?

Bí kíndìnrín méjèèjì bá daṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀nà méjì ni a lè gbà fọ ẹ̀jẹ̀. Èkíní ni ti ẹ̀rọ: ilé ìwòsàn ni a ó máa lọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, fún nǹkan bí wákàtí mẹ́rin lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Èkejì kò fẹ́ ẹ̀rọ dandan. Nílé ni aláìsàn yóò ti máa gba ọ̀pá rọ́bà fa omi oògùn sí ikùn ara rẹ̀, àpò mẹ́rin lójúmọ́. Awọ inú ikùn ni yóò sẹ́ ìdọ̀tí.

Ẹ ó sọ pé èyí tí kò fẹ́ ẹ̀rọ ni owó rẹ̀ yóò kéré. Òótọ́ ni, ní Hong Kong, níbi tí ìjọba ti fi í ṣáájú láti 1985. Ṣùgbọ́n òkè òkun ni omi náà ti ń wá sí Nàìjíríà, àpò 120 lóṣù kan! Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ fi ń bá ẹ̀rọ lọ.

Ní 2025, ìjọba àpapọ̀ dín owó ìfọ̀ kan kù láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní díẹ̀ nínú àwọn ilé ìwòsàn rẹ̀. Síbẹ̀, ₦36,000 ni ọ̀sẹ̀ kan, a kò tí ì ka owó ọkọ̀. Ẹni tí kò bá ní in yóò lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, omi àti ìdọ̀tí ọjọ́ yòókù yóò sì máa kó jọ sí i lára.