Àkàrà Ẹyin Ilẹ̀ Pọtogí Nínú Ilé Mùsùlùmí

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun Ọba tí ó ń pèsè oúnjẹ fún gbogbo ẹ̀dá. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn Sàhábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi nínú ẹ̀sìn, ìbéèrè ọmọdé kan ni ó bí àròkọ yìí. Níbi ìnáwó ìgbéyàwó kan, àlejò tí ó ti Lọ́ńdọ̀nù dé gbé páálí àkàrà òyìnbó kéékèèké jáde. Inú wọn pọ́n bí wúrà, òkè wọn sì ní àmì dúdú bí ohun tí iná rà. Pastel de nata ni orúkọ wọn, ilẹ̀ Pọtogí sì ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá. Ọmọ mi obìnrin mú ọ̀kan, ó wò mí lójú, ó ní: "Ummi, ṣé a lè jẹ ẹ́?" Mo yẹ ara páálí náà wò. "Ọ̀rá ẹranko" ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọn kò sì sọ irú ẹranko tí í ṣe. Mo ní kí ó dá a padà. Ó dá a padà láìjanpata, ṣùgbọ́n nígbà tí a délé ó bi mí pé: "Ummi, ṣé 'dá a padà' nìkan ni tiwa máa ń jẹ́ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n tètè sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ànábì wa (S.A.W.) kọ́ wa láti yàgò fún ohun tí ó bá rú wa lójú, n kò sì kábàámọ̀ ohun tí mo ṣe. Ṣùgbọ́n bí a bá ń fi hàráámù han ọmọ, tí a kò fi hàláálì tí ó gbòòrò jù ú lọ hàn án, ẹ̀sìn yóò dàbí ẹrù lójú rẹ̀. Mo pinnu pé a ó yan àkàrà yìí nínú ilé wa. Kí n tó dáná, mo kọ́kọ́ wádìí ohun tí ń bẹ nínú rẹ̀.

Ìtàn rẹ̀

Àdúgbò Belém ní Lísíbọ́ọ̀nù, olú-ìlú ilẹ̀ Pọtogí, ni òkìkí àkàrà yìí ti kàn. Àwọn mọ́ǹkì, èyíinì ni àwọn ọkùnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Kírísítì, ni wọ́n ń ṣe é ní ilé Jerónimos. Ìtàn tí wọ́n ń sọ níbẹ̀ ni pé funfun ẹyin ni wọ́n fi ń ṣe sítáàṣì sí aṣọ, tí wọ́n sì fi ń mú kí ọtí wáìnì mọ́ gaara. Pupa ẹyin a wá ṣẹ́kù rẹpẹtẹ, òun ni wọ́n sì ń fi ṣe ìpápánu aládùn. Nígbà tí ìjọba ti ilé àwọn mọ́ǹkì pa ní 1834, ẹnì kan láti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ta àkàrà náà. Ní 1837 ni ilé iṣẹ́ Pastéis de Belém bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń tà á níbẹ̀ títí di òní.

Ṣúgà inú rẹ̀ ní ìtàn tí ó kan àwa gan-an. Àwọn Mùsùlùmí ni wọ́n mú ìrèké dé ilẹ̀ Andalúsì, Lísíbọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀ sì wà lábẹ́ àṣẹ Mùsùlùmí títí di 1147. Açúcar tí àwọn Pọtogí ń pe ṣúgà, inú as-sukkar ti èdè Lárúbáwá ni ó ti wá. Nígbà tí ó yá, wọ́n ń kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ sí Bùràsíílì láti gbin ìrèké. Àwọn Yorùbá Mùsùlùmí wà lára àwọn ẹrú Bàhíà. Malê ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, láti inú "Ìmàle" tiwa. Nínú oṣù Ràmàdáànì, ní oṣù kìíní ọdún 1835, wọ́n dìde ní ìlú Salvador láti gba ara wọn sílẹ̀. Ó yẹ kí a máa rántí wọn nígbà tí a bá ń wọn ṣúgà.

Ohun tí a ní láti ṣọ́

Èkínní ni ọ̀rá. Àwọn kan máa ń fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ sí irú àkàrà báyìí, nítorí náà bọ́tà tí a fi wàrà màlúù ṣe ni kí ẹ lò. Èkejì ni fànílà olómi, nítorí pé ọtí ni a fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Sínámọ́nù àti èèpo lẹ́mọ́ọ̀nù ti tó fún òórùn dídùn. Ẹ̀kẹta ni funfun ẹyin tí yóò ṣẹ́kù. Súrà Al-Aráf, áyà 31, kọ̀ fún wa láti fi oúnjẹ ṣòfò, nítorí náà kí ẹ má ṣe dà á nù.

Bí a ti ń ṣe é

Fún àkàrà 12, ẹ wá fíláwà gíráàmù 250, iyọ̀ díẹ̀, omi tútù mìlílítà 150 àti bọ́tà gíráàmù 200. Fún inú rẹ̀, ẹ wá wàrà mìlílítà 300, fíláwà gíráàmù 30, ṣúgà gíráàmù 200, omi mìlílítà 120, pupa ẹyin 6, igi sínámọ́nù kan àti èèpo lẹ́mọ́ọ̀nù díẹ̀. Kì í ṣe kọ́sítáàdì inú agolo tí a ń fi omi gbígbóná rò ni a ń sọ.

Ẹ ṣe Bìsìmíláì, kí ẹ po fíláwà, iyọ̀ àti omi títí yóò fi dán. Ẹ bò ó fún iṣẹ́jú 15. Ẹ fi ìgò tí ó mọ́ tẹ́ ẹ fẹ̀, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́ta bọ́tà ra á lójú, kí ẹ sì ṣẹ́ ẹ po ní ìlọ́po mẹ́ta. Ẹ tún tẹ́ ẹ, ẹ tún ra á, ẹ tún ṣẹ́ ẹ po. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ fi bọ́tà tí ó kù ra á, kí ẹ ká a bí ẹni ká ẹní, kí ó sì wà nínú fíríìjì fún wákàtí 2.

Ẹ se ṣúgà, omi, sínámọ́nù àti èèpo lẹ́mọ́ọ̀nù. Bí ó bá ti hó dáadáa fún iṣẹ́jú 3, ẹ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ fi wàrà tútù díẹ̀ po fíláwà kí ó má ṣe kókó, ẹ dà á sínú wàrà yòókù tí ó ti gbóná, kí ẹ máa rò ó lórí iná títí yóò fi ki. Ẹ yọ sínámọ́nù àti èèpo kúrò, kí ẹ rọra da omi ṣúgà náà sí i. Ẹ jẹ́ kí ó di lọ́wọ́ọ́wọ́ kí ẹ tó ro pupa ẹyin mọ́ ọn, lẹ́yìn náà kí ẹ fi asẹ́ sẹ́ ẹ.

Ẹ gé fíláwà tí ẹ ká náà sí 12, kí ẹ fi ojú ibi tí ẹ gé dùbúlẹ̀ nínú páànù kéékèèké. Ẹ ti àtàǹpàkò bọ omi, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ láti àárín títí dé etí páànù. Ẹ rọ inú rẹ̀ sí i, kí ó má ṣe kún dé etí. Ẹ jẹ́ kí ófúùnù gbóná dáadáa, bí 250 lórí ìwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì, kí ẹ sì yan án fún iṣẹ́jú 12 sí 17. Àmì dúdú orí rẹ̀ kì í ṣe àṣìṣe, bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ń fẹ́ ẹ. Ẹ bu sínámọ́nù lílọ̀ díẹ̀ wọ́n ọn, kí ẹ sì jẹ ẹ́ ní lọ́wọ́ọ́wọ́.

Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mo kánjú. Kò sí iná mànàmáná, bọ́tà yọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo da ẹyin sínú wàrà gbígbóná, ó sì di ẹyin díndín. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì sọ̀rọ̀. Lọ́sẹ̀ kejì, òwúrọ̀ kùtù ni a bẹ̀rẹ̀, ó sì bọ́ sí i. Ọmọ mi jẹ ọ̀kan, ó gbé méjì lọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọmọ Kírísítẹ́nì tí ń bẹ ní ilé kejì. Nígbà tí ó padà dé, ó ní ìyá ọ̀rẹ́ òun ń béèrè ohun tí a fi ṣe é, òun sì ti kà á fún un látòkè délẹ̀. Funfun ẹyin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni mo fi ata àti àlùbọ́sà dín ní sààrì ọjọ́ kejì, nítorí pé ọjọ́ Ajé ni, a sì ń gba ààwẹ̀.

Kí Ọlọ́hun Ọba máa fi hàláálì tí ó dára bọ́ wa, kí Ó sì jẹ́ kí ẹ̀sìn Rẹ̀ dùn lẹ́nu àwọn ọmọ wa. Àmín.