Nintendo 64 Tó Ń Jẹ Bátìrì: Bí Wọ́n Ṣe Ń Sọ Ẹ̀rọ Géèmù Àtijọ́ Di Àmúdání

Ìdí tẹlifíṣàn ni wọ́n ṣe Nintendo 64 mọ́ nígbà tó jáde ní Jàpáánì àti Amẹ́ríkà lọ́dún 1996. Adápítọ̀ rẹ̀ ń wọlé láti ẹ̀yìn, wáyà àwòrán ń jáde láti ẹ̀yìn, ihò pádì mẹ́rin wà níwájú, kásẹ́ẹ̀tì géèmù a sì dúró ṣánṣán lórí rẹ̀. Kò sí ohun tó jọ ọ̀rọ̀ gbígbé kiri nínú rẹ̀. Síbẹ̀ àwọn kan ń tú u palẹ̀, wọ́n ń tún un tò, títí yóò fi di nǹkan kan ṣoṣo tí èèyàn lè fi ọwọ́ méjèèjì dì mú nínú ọkọ̀, tí sikírìnì, pádì, sípíkà àti bátìrì wà lára rẹ̀. Ben Heckendorn, ará Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó sọ iṣẹ́ yìí di mímọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 2000 ló sọ Atari 2600, ẹ̀rọ ọdún 1977, di àmúdání, ó sì tẹ ìwé jáde lórí iṣẹ́ náà ní 2005.

Ọ̀nà tó rọrùn ju èyí lọ wà. Èèyàn lè ra kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ bíi Raspberry Pi, kó fi ètò tó ń sín ẹ̀rọ àtijọ́ jẹ sí i, kó sì máa gbá géèmù rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tí à ń wí yìí yàtọ̀. Bọ́ọ̀dù Nintendo gan-an ló wà nínú rẹ̀, kásẹ́ẹ̀tì gidi ló sì ń kà.

Ẹni tó bá gbọ́ á rò pé ọgbọ́n géèmù ni iṣẹ́ náà ń fẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Géèmù ti wà nínú kásẹ́ẹ̀tì, ọpọlọ tó ń kà á sì ti wà lórí bọ́ọ̀dù. Ìbéèrè mẹ́ta ló kù fún ẹni tó fẹ́ ṣe é: níbo ni iná yóò ti máa wá? Wáyà wo ló ṣeé fà gùn, èwo ni kò ṣeé fà? Níbo ni ooru yóò gbà jáde?

Iná

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ara adápítọ̀ sì ni à ń wò ká tó ra bátìrì. Ohun méjì ni wọ́n kọ sára ti Nintendo 64: fólítì 3.3 ní ámpíà 2.7, àti fólítì 12 ní ámpíà 0.8. Fólítì 3.3 ló ń bọ́ àwọn ọ̀gá inú bọ́ọ̀dù: ọpọlọ rẹ̀, VR4300 ti ilé iṣẹ́ NEC, tó ń sáré ní mẹ́gáháàtì 93.75, àti ṣíìpù àwòrán tí Silicon Graphics ṣe ètò rẹ̀.

Bátìrì lítíọ́mù tí wọ́n ń pè ní 18650 ló wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ yìí. Ẹni tó bá ti tú bátìrì láptọ́ọ̀pù àtijọ́ rí ti lè bá a pàdé: ó rí róbótó, ó fẹ̀ tó mìlímítà 18, ó gùn tó mìlímítà 65. Fólítì 3.7 ni wọ́n ń ka ẹyọ kan sí, àmọ́ tó bá kún dáadáa yóò dé 4.2, tó bá sì ń kú lọ yóò sún mọ́ 3. Bí a bá so méjì pọ̀ lórí ìlà, a ó ní fólítì 7.4.

Báwo ni 7.4 yóò ṣe di 3.3? Rẹ́gúlétọ̀ kan wà tí kò mọ̀ ju kó yọ ohun tó lé kúrò, kó sì sọ ọ́ di ooru. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Fólítì 4.1 ló lé. Bí ẹ̀rọ bá ń fa ámpíà 2, wáàtì 8.2 ni yóò máa jóná dànù, nígbà tí ohun tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ rí jẹ kò ju wáàtì 6.6 lọ. Òfò ju oúnjẹ lọ! Rẹ́gúlétọ̀ kejì ń ṣe bí ẹni tó ń ṣí ẹ̀rọ omi tó sì ń tì í léraléra, kí omi má baà kún ike jù. Ìgbà ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rọ̀ọ̀rún láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan ló ń ṣí tó ń tì, wáyà wíwé kan àti kàpásítọ̀ a sì sọ iná tó ń já-ń-so yẹn di èyí tó ń lọ geere. Irú èyí lè jẹ́ kí nǹkan bí 90 nínú 100 iná bátìrì dé ibi tó ń lọ. Òun ni wọ́n ń lò. Fún fólítì 12, wọ́n á fi kékeré kan sí i tó ń gbé fólítì sókè dípò kó dín in kù.

Ó wá ku bí yóò ṣe pẹ́ tó. Bátìrì tí wọ́n kọ 3000 mAh sí lára, bí ẹ bá sọ ọ́ di ámpíà 3, tí ẹ sì fi 3.7 lọ́po rẹ̀, wáàtì 11.1 ló lè pèsè fún wákàtí kan. Mẹ́rin jẹ́ 44.4. Ẹ yọ ìdá kan nínú mẹ́wàá fún òfò, ó ku 40. Bí ẹ̀rọ, sikírìnì àti sípíkà bá ń jẹ wáàtì 10 lápapọ̀, wákàtí mẹ́rin ni yẹn.

Lítíọ́mù kì í ṣe ohun eré o. Bí pọ́sítífù àti nẹ́gẹ́tífù rẹ̀ bá kan ara wọn, ó lè gbiná. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi bọ́ọ̀dù ààbò kékeré sáàárín, èyí tó ń gé iná bí bátìrì bá fẹ́ kún jù, bó bá fẹ́ gbẹ jù, tàbí bí wáyà bá kan wáyà. Wọn kì í fi àyọ̀n gbígbóná jó wáyà mọ́ orí bátìrì, torí ooru àyọ̀n ń ba inú rẹ̀ jẹ́. Irin níkẹ́ẹ̀lì pẹlẹbẹ ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n á wá jó wáyà mọ́ irin náà.

Wáyà

Wáyà àwòrán kì í yọni lẹ́nu. Ẹyọ kan àti ẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti tó, nítorí Nintendo 64 ń gbé àwòrán jáde lọ́nà tí tẹlifíṣàn àtijọ́ ń gbà á. Sikírìnì kékeré tí wọ́n ń fi sínú ọkọ̀ fún kámẹ́rà ẹ̀yìn mọ irú àwòrán bẹ́ẹ̀, kò sì wọ́n. Nǹkan bí 320 lọ́nà 240 ni àwòrán ọ̀pọ̀ géèmù rẹ̀, nítorí náà sikírìnì ínǹṣì márùn-ún kò fi nǹkan kan dù yín. Iná ọkọ̀ ló fà á tí wọ́n fi ń kọ fólítì 12 sára irú sikírìnì bẹ́ẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, rẹ́gúlétọ̀ kan ti wà tó ń dín in kù sí 5 tàbí 3.3. Ẹni tó mọ iṣẹ́ á wá ibẹ̀ kàn, á fún un ní fólítì tó ń fẹ́ tààrà, kí bátìrì má baà ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì.

Wáyà pádì náà ní sùúrù. Mẹ́ta péré ni: ọ̀kan gbé iná, ọ̀kan jẹ́ ẹ́ẹ̀tì, ẹ̀kẹta ló ń sọ̀rọ̀. Bọ́ọ̀dù á béèrè pé, “Kí ni wọ́n tẹ̀?” Pádì á fi àmì 32 dáhùn: 16 fún bọ́tìnì, 8 fún ọ̀tún àti òsì ọ̀pá ìdarí, 8 fún òkè àti ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìdá mẹ́rin nínú mílíọ̀nù ìṣẹ́jú-àáyá ni àmì kọ̀ọ̀kan ń gbà. Bí wáyà náà bá sọ̀kalẹ̀ fún ìdá mẹ́ta tó sì gòkè fún ìdá kan, òdo ni. Bó bá sọ̀kalẹ̀ fún ìdá kan tó sì gòkè fún mẹ́ta, ení ni. Ọ̀pá ìdarí náà ní ìṣòro tirẹ̀. Àgbá kéékèèké méjì oníhò ló wà lábẹ́ rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ ń gba àárín ihò kọjá, ṣíìpù pádì a sì máa ka iye ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ ń já. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọ̀pá GameCube tó kéré jù ú lọ rọ́pò rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi ṣíìpù ògbufọ̀ kan sáàárín, nítorí fólítì ni ti GameCube ń sọ, kò mọ ìmọ́lẹ̀ kíkà.

Ibi kásẹ́ẹ̀tì ni ọwọ́ ti ń gbọ̀n. Ihò rẹ̀ ní ẹsẹ̀ 50. Wọ́n á jó o kúrò lójú kan, wọ́n á wá fi wáyà tín-ín-rín so ó padà ní ẹ̀yìn, kí kásẹ́ẹ̀tì lè dùbúlẹ̀. 16 nínú ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn ló ń ṣe iṣẹ́ méjì: wọ́n á kọ́kọ́ sọ ibi tí bọ́ọ̀dù fẹ́ kà, àwọn kan náà á sì gbé ohun tó wà níbẹ̀ wá. Wáyà wọn ṣeé fà díẹ̀, àmọ́ bó bá gùn jù, ọ̀rọ̀ á dàrú lójú ọ̀nà. Ẹ tún máa ṣọ́ àwọn ẹsẹ̀ ṣíìpù aṣọ́nà. Ìkan wà nínú kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wà lórí bọ́ọ̀dù, àwọn méjèèjì sì gbọ́dọ̀ dá ara wọn mọ̀ kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀. Bí sikírìnì bá tàn tó sì dúdú kirimú, ibẹ̀ wà lára ibi tí à ń kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Wáyà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn ni ti iyè ìrántí. Mẹ́gábáìtì mẹ́rin ni Nintendo 64 ní, Expansion Pak ló ń sọ ọ́ di mẹ́jọ. Ìgbà 500 mílíọ̀nù ni ọ̀rọ̀ ń kọjá lórí wáyà rẹ̀ kọ̀ọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí ọ̀kan tó kọjá kí èkejì tó dé, ìmọ́lẹ̀ pàápàá kò lè rìn ju sẹ̀ǹtímítà 60 lọ. Ìdí nìyẹn tí Expansion Pak kì í fi í kúrò ní ihò rẹ̀ bó ti wù kí ààyè há tó. Ẹ kò sì lè yọ ọ́ kí ẹ fi ibẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, torí bí kò bá sí òun tàbí Jumper Pak tó bá ẹ̀rọ náà wá níbẹ̀, ẹ̀rọ kò ní jí.

Ooru

Nintendo 64 kò ní fáànù. Irin pẹlẹbẹ ńlá kan ló ń gba ooru lórí àwọn ṣíìpù, afẹ́fẹ́ inú àpò rẹ̀ á sì gbé e lọ. Nínú ẹ̀rọ àmúdání, irin ńlá yẹn kò ní ààyè, bátìrì àti sikírìnì sì ti gba gbogbo ibẹ̀. Alumíníọ̀mù kéékèèké ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ orí ṣíìpù, pẹ̀lú fáànù tó kéré bí owó ẹyọ, ihò kan nísàlẹ̀ fún afẹ́fẹ́ tútù, òmíràn lókè fún gbígbóná. Bátìrì gbọ́dọ̀ jìnnà sí ṣíìpù. Àpò ẹ̀rọ náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ ló ń fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé oníke tẹ̀ ẹ́ báyìí. Ike PLA ló rọrùn jù láti tẹ̀, ṣùgbọ́n bí ooru bá dé nǹkan bí 60 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì, ó ń rọ̀. ABS tàbí PETG ló tọ́ sí i.

Bí wọ́n ṣe ń tò ó náà ní ètò. Wọ́n á fi mítà wọn rẹ́gúlétọ̀ kí wọ́n tó fi kan bọ́ọ̀dù, kí ó jẹ́ 3.3 lóòótọ́. Wọ́n á gbá géèmù wò. Wọ́n á so sikírìnì, wọ́n á tún gbá a wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún kásẹ́ẹ̀tì, bẹ́ẹ̀ náà ni fún pádì. Bó bá wá kọ̀ ní ìpele kan, ìpele yẹn la ó bi.

Ìbéèrè mẹ́ta wọ̀nyí kò mọ sórí Nintendo 64. Àwọn tó ti ṣe é yege ti dé orí Wii, ẹ̀rọ Nintendo tó jáde ní 2006. Wọ́n á fi ayùn gé etí bọ́ọ̀dù rẹ̀ dànù títí yóò fi kù bí ìwọ̀n tó lè wọ àpò. Rẹ́gúlétọ̀ tirẹ̀ á bá etí náà lọ, nítorí náà fólítì mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ ara wọn pèsè: 1, 1.15, 1.8 àti 3.3. Ìbéèrè kan náà ni, ìdáhùn rẹ̀ ló le sí i.