Igbó Ọba tí ó Di Ọgbà ní Àjàṣẹ́

Ẹni tí ó bá gba títì Igolo láti Ìfọ̀nyìn wa, tí ìwé ìjọba ń kọ ní Ifangni, kì í pẹ́ kí ó tó wọ Àjàṣẹ́, olú-ìlú ilẹ̀ Benin. Láàrin ìlú náà ni ọgbà kan wà tí a ń pè ní Jardin des Plantes et de la Nature. Igi inú rẹ̀ ga, òjìji wọn sì tutù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àwọn òyìnbó ni ó gbin gbogbo rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kí ibẹ̀ tó di ọgbà, igbó ọba ni.

Láyé àtijọ́, ààfin kì í ṣe ilé nìkan. Ààfin Honmè ní Àjàṣẹ́, níbi tí ọba Toffa ti jọba láti ọdún 1874 títí di 1908, ní ògiri amọ̀ tí ó nípọn àti àgbàlá púpọ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ ọba kò parí síbi ògiri. Igbó wà níta, igbó ọ̀wọ̀ ni. Ẹ̀yin náà mọ bí irú igbó bẹ́ẹ̀ ti rí. A kì í gé igi rẹ̀, a kì í dẹ ọdẹ níbẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ènìyàn ni ó ń wọ̀ ọ́. Bí a bá so màrìwò sí ẹnu ọ̀nà, àlejò yóò padà. Ìrókò àti àràbà lè dàgbà níbẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún, nítorí pé èèwọ̀ ń ṣọ́ wọn. Kò sí wáyà, kò sí ọlọ́pàá.

Ní ọdún 1895, nígbà tí Victor Ballot jẹ́ gómìnà, àwọn Faransé sọ ilẹ̀ igbó náà di ohun tí wọ́n ń pè ní jardin d'essai, èyíinì ni ọgbà ìdánwò. Kí ni wọ́n fẹ́ dán wò? Wọ́n fẹ́ mọ irúgbìn tí yóò hù dáadáa nílẹ̀ wa, tí a ó sì lè tà ní Yúróòpù. Irú ọgbà bẹ́ẹ̀ wà ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí Faransé ń ṣàkóso nígbà náà, a sì máa ń gbin kọfí, kòkó àti igi rọ́bà sínú wọn. Inú àpótí onígíláàsì ni a ń kó àwọn ọmọ igi sí, kí iyọ̀ òkun má baà pa wọ́n nínú ọkọ̀. Ní ọdún 1899, ìjọba Faransé dá ọgbà ńlá kan sílẹ̀ ní Nogent-sur-Marne, lẹ́bàá Paris, kí ó lè máa fi irúgbìn ránṣẹ́ sí àwọn ọgbà wọ̀nyí.

Ilẹ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ yí padà. Ní tèmi, n kò ní sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n gbìn ni ó burú. Àwa náà ń jẹ nínú èso igi tí ó ti òkèèrè wá. Ohun tí ó dùn mí ni pé ohùn àwọn tí ń ṣọ́ igbó náà kò ní agbára mọ́. Nígbà tí Toffa wàjà ní 1908, Faransé kò gbà kí ọba mìíràn ní àṣẹ bí tirẹ̀. Àwọn tí ó jẹ lẹ́yìn rẹ̀ di chef supérieur lásán. Bí ọba kò bá ní àṣẹ, ta ni yóò bẹ̀rù èèwọ̀ ọba?

Lónìí, Honmè ti di ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé. Ní 1996, orílẹ̀-èdè wa fi ààfin náà àti àwọn àdúgbò àtijọ́ Àjàṣẹ́ sínú ìwé ohun tí ó fẹ́ kí àjọ UNESCO gbà. Láti ọdún 2021 ni a sì ti bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin tuntun ní ìlú náà. Francis Kéré, ọmọ Burkina Faso, ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ó fi í jọ igi tí àwọn àgbà ń jókòó sábẹ́ rẹ̀ láti yanjú ọ̀rọ̀. Gẹ́gẹ́ bí ètò rẹ̀, èyí tí ó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ náà yóò jẹ́ ọgbà fún ará ìlú, pẹ̀lú igi ilẹ̀ Benin.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé. Igbó Orò àti igbàlẹ̀ wà ní àwọn abúlé wa. Ilẹ̀ sì ń di owó lẹ́bàá títì. Ẹni tí ó bá fẹ́ kọ́ ilé tàbí sọ́ọ̀bù kò ní bèèrè bóyá pèrègún tí ó rí jẹ́ ààlà. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí a mọ̀ pé òfin kan wà. Ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá ọdún 2012, àwọn mínísítà fọwọ́ sí ìwé àṣẹ kan lórí ìtọ́jú igbó ọ̀wọ̀ ní ilẹ̀ Benin. Ìwé náà gbà pé irú igbó bẹ́ẹ̀ yẹ fún ààbò ìjọba.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀wé báyìí, ẹ lè lọ bèèrè nípa rẹ̀ ní mairie. Ẹ kọ́kọ́ lọ bá àwọn àgbà tí ó ni igbó, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn ni àkọ́kọ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń bẹ̀rù pé ìwé yóò tú awo. Kò sí ẹni tí ó ní kí a kọ ohun tí a ń ṣe nínú igbó. Ohun tí a nílò láti kọ ni ibi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀, ibi tí ó parí sí, àti orúkọ ìdílé tí ń ṣọ́ ọ.