Ìbẹ̀rù Kọ́ Ni Ọ̀wọ̀: Olùkọ́ àti Akẹ́kọ̀ọ́ Nínú Àṣà Wa

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ ní Ifákọ̀ (kì í ṣe Ifákọ̀ ti Ìjàyè ni mò ń wí o, èyí tí ó wà lẹ́bàá Gbàgádà ní ìjọba ìbílẹ̀ Kóṣòfẹ́ ni), ìkíni àwọn ọmọ iléèwé sí olùkọ́ wọn a máa dùn létí. Bí olùkọ́ bá ti wọlé, gbogbo kíláàsì yóò dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá béèrè ọ̀rọ̀ níwájú pátákó, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò dákẹ́ rọ́rọ́, wọn yóò máa wo ilẹ̀. Àwọn àgbà kan a sì máa wí pé àṣà Yorùbá ni, pé ọmọ tí a kọ́ kì í la ẹnu níwájú àgbà.

Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn baba wa ti ń kọ́ ọmọ kí iléèwé tó dé. Bí a bá ti jẹun alẹ́ tán, àgbà yóò ké pé, “Ààlọ́ o!” àwọn ọmọ yóò dáhùn pé, “Ààlọ̀!” Kí ìtàn Ìjàpá tó bẹ̀rẹ̀, àlọ́ àpamọ̀ ni yóò ṣáájú: àgbà yóò pa á, ọmọdé yóò já a. Ọmọ tí ó bá ṣì í, a ó rẹ́rìn-ín, ẹlòmíràn yóò gbìyànjú. Kò sí ẹni tí yóò gbé pàṣán. Ọmọ tí ó dọ̀bálẹ̀ kí baba náà ní òwúrọ̀ ni ó ń dá a lóhùn lálẹ́, ọ̀wọ̀ kò sì dínkù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti iṣẹ́ ọwọ́. Ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀dẹ, lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ ni í máa ń gbé. Ọ̀gá mọ ìyá tí ó bí i, ó mọ oríkì rẹ̀, ó mọ ọjọ́ tí ara rẹ̀ kò yá. Òótọ́ ni pé àwọn ọ̀gá kan a máa na ọmọ bí ẹni na bàrà. N kò ní í bo èyí mọ́lẹ̀.

Iléèwé ni ó mú ìdákẹ́jẹ́ yìí wá. Ní ọ̀pọ̀ iléèwé, ìyà ni fún ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá. Ọmọ tí ó mọ ìdáhùn ṣùgbọ́n tí kò mọ Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀, kí ni yóò ṣe bí kò ṣe kí ó dákẹ́?

Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, ni a fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Ifẹ̀ náà ni a sì ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí kan ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's ní Modákẹ́kẹ́. Fún ọdún mẹ́fà gbáko, Yorùbá ni a fi kọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì. Olùkọ́ ọ̀tọ̀ ni ó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí a fi wé wọn bọ́ sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún kẹrin. Nígbà tí a dán wọn wò, àwọn ọmọ Yorùbá gbáko ni ó tayọ, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá! Ọ̀rọ̀ èdè nìkan ni àwọn ènìyàn máa ń rí níbẹ̀. Èyí tí èmi rí ni pé ọmọ àti olùkọ́ lè bá ara wọn sọ̀rọ̀.

Ifákọ̀ kì í sì í ṣe Modákẹ́kẹ́. Ọmọ Ìgbò, ọmọ Haúsá àti ọmọ Ẹ̀gùn lè jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan pẹ̀lú ọmọ Yorùbá, nítorí náà èdè nìkan kò lè tán ọ̀rọ̀ náà. Kíláàsì tí ó kún fọ́fọ́ kò sì jẹ́ kí olùkọ́ mọ ọmọ bí àgbẹ̀dẹ ti mọ ọmọṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó lè mọ orúkọ. Ọmọ tí a ń pè ní “ìwọ tí o wà lẹ́yìn yẹn” mọ̀ dájú pé bí òun kò bá wá lọ́la, ẹnikẹ́ni kò ní í béèrè òun. Irú rẹ̀ ni ọjà Kétu àti ti Mile 12 tètè ń fà lọ. Bí ó bá ru ẹrù níbẹ̀, oníbàárà yóò tún wá a.

Ẹ̀yin òbí náà ńkọ́? “N óò sọ fún tíṣà rẹ!” ni ẹ fi ń dẹ́rù ba ọmọ bí kò bá jẹun tán. Ọmọ tí ẹ ti fi olùkọ́ ṣe egúngún fún nílé, báwo ni yóò ṣe nawọ́ sókè ní kíláàsì?